Ẹ̀wù Méjì fún Ọkùnrin Kan

Dáwódù mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dun ìyàwó wa tó bá ti jókòó pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ti fi í sílẹ̀? Bí ẹ bá béèrè àwa náà, a wà, ara le, ẹnu ń jẹ. Ìyá rẹ ní àfi kí n bá òun kí yín kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, ó sì dúró sẹ́yìn àga mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò títí mo fi kọ ọ́, kó tó gbé ìwé àti bírò tó ń tà lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi tí kò ní ilẹ̀kùn yóò ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀kùn. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Nǹkan ilé kò le jù. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi tó ń jò lápá ọ̀tún ti wá ń jò lápá òsì náà, mo bá gbé máṣíìnì sáàárín, mo ń ránṣọ láàárín bókẹ́ẹ̀tì méjì. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Jẹ́jẹ́, ń kí yín. Eyín kan ṣoṣo tó kù sí i lẹ́nu lókè ti yọ, ó ní òun ti padà di ọmọ ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí òun mọ́. Ológbò ìyá rẹ bímọ sínú àpótí tí mo ń kó àjákù aṣọ sí, ojú rẹ̀ sì le débi pé mi ò lè tọwọ́ bọ inú àpótí ara mi.

Ó ṣeé ṣe kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà lápò mi. Ìdí rẹ̀ ni pé lórí fóònù, ènìyàn lè ní òun ò gbọ́. Ẹni tó bá kọ̀wé, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sá fún un mọ́. Mo ti kọ ọ́, mo ya á, mo tún un kọ. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n lórí aṣọ, orí ìwé ló ti ń gbọ̀n, nítorí náà bí o bá rí ìlà tó wọ́, má wo ti ìlà, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni kí o gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí o pè mí, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń ṣẹ́ ẹnu ṣòkòtò oníbàárà kan. O ní kí n jókòó. Mo ní mo ti jókòó. O ní ẹ ti ṣe àyẹ̀wò, pé kì í ṣe ara ìyàwó wa ni ọ̀rọ̀ náà wà, pé ara tìrẹ ni. O ní dókítà sọ pé kò sí irúgbìn nínú omi ara rẹ, pé kì í ṣe pé ó kéré, kò sí níbẹ̀ rárá. O ní ẹ ti ń múra láti lọ sí òkè òkun, sí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti máa fi irúgbìn ọkùnrin mìíràn ran ìyàwó wa lọ́wọ́ kó lè lóyún. O wá dákẹ́. Mo mọ̀ pé ohùn mi lò ń dúró dè. Mo ní halóò, halóò, mo ní mi ò gbọ́ ọ mọ́ o, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́, mo sì pa fóònù.

Dáwódù, mo gbọ́ ọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjọ́ yẹn mọ́ gaara bí omi àmù. Mo tilẹ̀ gbọ́ nígbà tí ìyàwó wa wúkọ́ lẹ́yìn rẹ.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ó dà bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn lọ́wọ́, kó tó mọ̀ pé ó dun òun, ọwọ́ ti sá. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì lọ láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Ṣòkòtò tí mò ń ṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi ìka ọwọ́ mẹ́ta kúrú ju ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, oníbàárà náà sì dá a padà, ó ní ṣé mo rò pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lòun máa ń ti bọ odò ni. Mi ò sì sọ fún ìyá rẹ. Nígbà tó bi mí pé ṣé Dáwódù ò pè, mo ní o pè, o kí i. Ìyẹn náà, mo ní láti jẹ́wọ́ rẹ̀, torí irọ́ kì í dá rìn, ó máa ń mú àbúrò rẹ̀ dání.

Lẹ́yìn èyí o ò pè mọ́. Àwòrán kan ló wọlé sórí fóònù mi. Ọmọkùnrin kékeré kan ló jókòó sórí àga onígi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, àwọ̀ rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí tiwa. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ gíga ọkùnrin àgbà kan sí, ìwọ̀n rẹ̀, bàtà tó ń wọ̀, bí irun rẹ̀ ṣe rí, pé iṣẹ́ afárá kíkọ́ ló ń ṣe, pé ó fẹ́ràn omi wíwẹ̀. Kò sí orúkọ, nọ́ńbà ló wà lókè. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Bàbá, ọkùnrin tí a fẹ́ mú nìyí, ẹ bá wa wò ó dáadáa.

Ọmọ mi, télọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tí owó ò jẹ́ kí n lọ síwájú, kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn ń fi gíga àti ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún. Ti nọ́ńbà tí kò ní orúkọ, mo ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn télọ̀ ńlá ìgboro ń ṣe, wọn kì í kọ orúkọ oníbàárà mọ́. Mo bá rò ó, mo ní èyí ni dókítà tó máa tọ́jú yín lọ́hùn-ún, bóyá ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ afárá kó tó di dókítà, ọmọ rẹ̀ sì nìyí lórí àga. Mo ní ọmọ mi ti dárí ọ̀ràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì jì mí. Mo ní ó rántí iṣẹ́ tó rán òun níwèé, ó fẹ́ kí n rán aṣọ fún dókítà kí wọ́n má bàa lọ lọ́wọ́ òfìfo. Inú mi dùn débi pé mo kọrin, ológbò pàápàá gbé orí sókè nínú àpótí.

Mo mú aṣọ aláwọ̀ aró tó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi jáde. O mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni mo ti rà á, mo ní ọjọ́ tí ẹ bá sọ mí di bàbá àgbà ni màá fi rán ẹ̀wù ara mi. Mo gé e fún dókítà. Wọn ò kọ àyà, wọn ò kọ èjìká, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ga tó yẹn, tó wọ̀n tó yẹn, tó sì ń wẹ̀ lómi, mo mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe máa rí. Nígbà tí mo gé e tán, aṣọ kù. Mo wo ọmọ tó wà lórí àga yẹn, mo ní ọmọdé wo ló máa rí bàbá rẹ̀ nínú aṣọ tuntun tí kò ní sunkún. Mo bá rán kékeré fún òun náà, mo fi bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ sí i.

Àárín ìgbà yẹn lo tún kọ̀wé sórí fóònù pé ṣé mo ti wò ó, pé ìyàwó wa ní òun ò ní wọ bàálù láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Mo dáhùn pé kó fọkàn balẹ̀, kọ́là ló kù. Ọrùn ẹ̀wù ni mò ń wí. Nígbàkigbà tí mo bá rántí ìdáhùn yẹn, mo máa ń bo ojú mi. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì rò lọ́jọ́ náà. Bóyá ẹ rò pé orí mi ti ń yí.

Nígbà tí mo lọ̀ wọ́n tán, mo fi wọ́n kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyá rẹ dé láti ibi ọjà rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ni wọ́n. Mo ní dókítà kan tí o mọ̀ ni, òun àti ọmọ rẹ̀, mo sì gbé fóònù fún un. Ó wò ó títí, ó ní dókítà wo ló máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ ṣáájú ara rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì sí wa, wọlé wá gba búláòsì rẹ̀, òun náà fi gíláàsì sójú, ó ka gbogbo rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní Bàbá Dáwódù, ta ló sọ fún yín pé dókítà nìyí. Ó ní ọmọ yìí àti ọkùnrin yìí, ẹnì kan náà ni. Ó ní àwọn tó ń fi irúgbìn wọn sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní, wọn kì í fi ojú wọn ìsinsìnyí hàn, ti ìgbà èwe ni wọ́n ń fi hàn, kí ẹni tó fẹ́ mú un lè rí bí ọmọ ṣe lè jọ.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ, ti fóònù, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo rò pé yóò figbe ta. Kò figbe ta. Ó mú ẹ̀wù kékeré kúrò lára ògiri, ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń dè é. Ó ní nígbà náà, gbogbo àgbo tí òun ń gbé lọ fún ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo bí òun ṣe máa ń wo ikùn rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú ọ̀run fún òjò, ó mu ún, kò pọ̀ ọ́, kò sì sọ pé kí òun bi ọmọ òun. Ó tẹ nọ́ńbà ìyàwó wa, ó tún pa á. Ó ní ó yẹ kí òun kọ́kọ́ mọ ohun tí òun máa sọ. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ń bọ̀ fúnra òun, ẹsẹ̀ òun lòun máa fi bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹnu èmi. Èmi náà, bá mi sọ fún ìyàwó wa pé ojú ń tì mí. Ọdún tó kọjá tó wá kí wa, tí mo ní ṣé ẹrù bàgì nìkan ló gbé wá, mo rò pé àwàdà ni mo ṣe. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ti wá mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Ìyá Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í là wá lọ́yẹ̀. Ó ní báńkì ni wọ́n ń kó irúgbìn náà sí. Mo bi í pé ṣé ẹni tó kó o síbẹ̀ ní ìwé àkáǹtì, ó ní irú rẹ̀. Mo bi í pé ṣé èlé máa ń gorí rẹ̀. Ó wò mí, ó wò mí, ó ní tí Ọlọ́run bá fẹ́, ìbejì. Ó ní inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, òtútù tó ju ti ẹja lọ. Ibí yìí ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, Dáwódù. O rántí ìyá ẹlẹ́ja tó wà ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi, tí iná bá lọ, kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀. Jọ̀ọ́, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè pé ṣé wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, ṣé òmíràn wà tí èyí bá kọ̀ tí kò tan. Kí ìyàwó wa sì fi ojú ara rẹ̀ wo nọ́ńbà tó wà lára ike kí wọ́n tó ṣí i, torí báńkì tó wà nítòsí wa níbí ti fún mi ní owó olówó rí, tìjàtìjà ni wọ́n sì fi gbà á padà. Owó ló ṣeé gbà padà. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, lọ bá awakọ̀ bàálù kó tó gbéra, kí o rọra sọ fún un pé ẹlẹ́rù wà nínú ọkọ̀, kó má sáré wọ kòtò. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kò sí kòtò lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n òun náà ò wọ bàálù rí.

Mi ò lè purọ́ fún ọ pé ọkàn mi gbà á lọ́jọ́ náà. Mo tún lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mò ń rò, ó kéré, ojú á tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti ní màá kọ gbogbo rẹ̀. Etí wa ni mò ń rò. Etí bàbá mi, tèmi, tìrẹ, etí tí kì í jẹ́ kí fìlà jókòó, tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní Ilẹ̀kùn-ò-Tì nílé ìwé, tí o máa ń sunkún wálé. Mo ní ta ló máa wá gbé etí yìí lọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá ronú pé ẹkún tí o sun nítorí etí yẹn, ọmọ yìí ò ní sun ún. Mi ò mọ̀ bóyá ìtùnú ni. Mo kàn rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Mo lọ sílé Bàbá Jẹ́jẹ́. Mi ò dárúkọ yín, mo búra. Mo kàn bi í bí ẹni ń ṣeré pé adìẹ tí wọ́n gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sí lábẹ́, tó sàba lé e títí ó fi pa á, ta ló ni ọmọ. Ó ní ṣé mo ti fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀, mo ń sin adìẹ ni. Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ wò wọ́n létí omi lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn ọmọ á kó sómi, pẹ́pẹ́yẹ tó yé ẹyin á máa jẹ̀ kiri lọ́nà tirẹ̀, adìẹ ló máa sáré sókè sódò létí omi, tó máa ké títí ohùn á fi há. Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀ ló lọmọ. Ó wá kẹ̀yìn sí mi, ó ní kí n bá òun yún ẹ̀yìn, ibi tí ọwọ́ òun ò tó. Mo yún un. Nígbà tí mo ń lọ, ó pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n kí Dáwódù àti ìyàwó rẹ̀, kí n sọ fún wọn pé òun wà láàyè, òun ń dúró.

Mo tún ronú sí i nídìí iṣẹ́ mi. Mo ní gbogbo aṣọ tí mo rán láyé mi, èwo ni mo gbin òwú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè àgbẹ̀. Bí ó bá fún lábíyá, èmi ni wọ́n ń pè, bí ó bá yẹ wọ́n, èmi ni wọ́n ń kí. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá òwe yìí bá a mu tó, torí aṣọ kì í pe ènìyàn ní bàbá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti rí ọmọ tó wà lórí àga yẹn. Mo ń ro ti iná, mo ń ro ti kòtò ojú ọ̀run, mo ń jí. Bí ọ̀rọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́ bá sì jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé mo ti di bàbá àgbà kí ẹ tó gbéra nílé.

O ní kí n bá yín wo ọkùnrin náà. Mo ti wò ó. Mo ti ti inú aṣọ wò ó, kò sì sí bí télọ̀ ṣe ń wo ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èjìká rẹ̀ dára. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn láìbìkítà fún eyín tó ká, ilé tó ti wá kò lè burú. Mo fọwọ́ sí i. Sọ fún ìyàwó wa pé bàbá ọkọ rẹ̀ ní kó wọ bàálù. Ọmọ tí ẹ bá gbé bọ̀, ọmọ wa ni, ẹni tó bá ní kò jọ wá, ẹ rán an sí mi.

Ẹ̀wù méjèèjì wà nínú páálí yìí, awakọ̀ tó gbé e bọ̀ ti ṣèlérí pé yóò dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú ìrìn àjò. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ gbé ńlá lọ fún ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó máa bá yín fún un, wọn kì í sọ ibi tó ń gbé. Ó dùn mí. Kí ènìyàn ṣe irú èyí fún ni, kí a má lè yọjú sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti kí i pé o ṣeun. Nítorí náà ẹ tọ́jú rẹ̀. Kékeré ni kí ọmọ kọ́kọ́ wọ̀. Ńlá, kí ẹ fi í sínú àpótí dè é. Mi ò mọ̀ bóyá èjìká rẹ̀ máa kún un, mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú ìrán lọ́tùn-ún lósì, wọ́n lè tú u kó fẹ̀, wọ́n sì lè gbà á wọlé. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, mo ṣì lè tún un gé, ojú mi ṣì ríran. Bí ó bá sì bi yín lọ́jọ́ kan pé ara ta ni wọ́n fi díwọ̀n ẹ̀wù yìí, Dáwódù, mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé ìnáwó tó wà níwájú yín kò kéré, mi ò sì fẹ́ tọrọ. Bẹ́líìtì máṣíìnì mi ti fẹ́ já, ṣùgbọ́n mo ti fi okùn dì í, ìyẹn lè dúró. Ti òrùlé náà lè dúró, bókẹ́ẹ̀tì wà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ ni káàdì fóònù, kó pọ̀ díẹ̀, kí n lè máa rí yín pè lọ́hùn-ún. Bí o bá sì pè mí, kódà kí òjò máa rọ̀, kódà kí ohùn rẹ máa já, màá gbọ́ ọ.

Ọ̀nà yóò là fún yín. Ilẹ̀ àjèjì ò ní fojú àjèjì wò yín. Ọwọ́ dókítà ò ní ṣì. Iná wọn ò ní kú lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀. Ìyàwó wa yóò gbé e, yóò gbé e pẹ́, yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ó mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, yóò jókòó sórí àga mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kanlẹ̀, yóò sì rẹ́rìn-ín. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀,
bàbá àgbà ọmọ tó ń bọ̀.